Rìbọ́ọ̀nù Pupa Lórí Bátìrì

Ní àwọn ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n gógó, ọkọ mi, tíṣà ni, tu owó jọ ra àlòkù ọkọ̀ kan tó ń fi epo àti iná mànàmáná rìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ọkọ̀ yẹn. Bí ó bá ń jáde ní àgbàlá wa ní Àkúrẹ́, ẹ kò ní gbọ́ ìró rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìkórè, kò sí iná ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi yọ bátìrì kékeré tó wà ní bùútù, ó ní kí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn ìyá ìjọ tó ń so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà so ọ̀kan mọ́ ọ̀kan nínú orí méjèèjì bátìrì náà pẹ̀lú. Nígbà tí ọkọ mi ń dá a padà sínú ọkọ̀, ìdọ̀tí funfun ti bo àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò ara rẹ̀. Ó rí pupa, ó sì gbà pé ibẹ̀ ni wáyà pupa ń lọ. Iná ta pàrà, òórùn jíjó gba bùútù, ọkọ̀ kú.

Ìyá rẹ̀ ní Oǹdó ń retí wa. Ojú Màmá ti ṣú, àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ojú lọ́fẹ̀ẹ́ ní Àkúrẹ́ yóò sì parí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Orúnkún Màmá kò gbà kí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Owó tákísì kò sí.

Ní àárọ̀, ríwáyà tó máa ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe dé. Ó wo rìbọ́ọ̀nù tó ṣì wà lórí bátìrì, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ tà á ní Ìkórè ni?”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yí wáyà padà, ó pààrọ̀ fíùsì ńlá tó jó, ọkọ̀ sì jí. Mo ké Halelúyà.

“Ẹ rọra, Ìyá,” ó ní, ó ń wo mítà ọwọ́ rẹ̀. “Ohun tó ń fa iná láti ara bátìrì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ rìn wá fún kékeré ti jó. Ọkọ̀ á rìn, ṣùgbọ́n á máa jẹ kékeré yìí títí á fi tán. Ẹ má tan éèsì, ẹ má tan rédíò. Bí a bá dé Oǹdó, ẹ má pa á.”

Ó gbé bátìrì tirẹ̀ sí bùútù, ó sì bá wa lọ.

Nígbà tí a dé Oǹdó, Màmá ti wọṣọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé yẹn, ẹnikẹ́ni kì í rìnrìn àjò láìgbàdúrà. Wọ́n dá orin, wọ́n gbàdúrà fún ilé, fún ìjọ, fún gbogbo awakọ̀ ojú pópó. Ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ níta.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nínú ọkọ̀,” ọkọ mi ní.

“Ṣé Ọlọ́run fẹ́ sá lọ ni?”

“Ọlọ́run kọ́, Màmá. Bátìrì ni.”

“Kí Olúwa bù kún bátìrì náà.”

Mo ṣe àmín. Ọkọ mi náà ṣe é, ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ ká wọ Àkúrẹ́ ni ọkọ̀ dákẹ́. Ríwáyà gbé bátìrì kejì sí i. Ọkọ mi fi ìka sórí àmì, ó ń kà á sókè bí ọmọ tó ń kọ́ ABD. Màmá di ọwọ́ mi mú títí ọkọ̀ fi jí.

Àwọn dókítà ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí a wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n gbà wá, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú Màmá ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi,” wọ́n ní, “o ti rù tó báyìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi?”