Aṣọ Àgbà fún Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Ìyá ọkọ mi, Tertulla, kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ràn mi. Ogójì ọdún ló fi hun aṣọ ní àdúgbò Subura, nínú yàrá tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù ọlọ́tí. Aṣọ ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀: funfun, tí etí rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Etí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ọmọ tó bá wọ̀ ọ́, tó sì so oǹdè wúrà mọ́rùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ìsọkúsọ lójú rẹ̀, ká má tíì sọ pé adájọ́ á dá ikú fún un. Ó di ìgbà tó bá tó bí ọdún mẹ́rìndínlógún kí wọ́n tó bọ́ oǹdè náà, kí wọ́n sì wọ aṣọ àgbà fún un, funfun láú, tí kò ní etí. Aṣọ tuntun ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tí wọ́n hun bá ara rẹ̀. A kì í gé ti ẹlòmíràn fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Késárì, ọba wa, nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀ ló gbé e gorí ìtẹ́, tó sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣèlú. Ọ̀gágun kan wá kó ogun dé láti ìlà-oòrùn, ó pa àbúrò bàbá náà, ó wá ku ọmọ. Ọba méjì kì í gbé ààfin kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun yìí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní apààyàn. Ó fẹ́ kí àwọn ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ náà lábẹ́ òfin.

Hermias, ẹrú ààfin tó máa ń gbé iṣẹ́ wá fún wa, wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó mú okùn tí wọ́n fi wọn ara ọmọ náà lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Aṣọ Késárì ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fún yín.”

Ìyá na okùn náà wò. “Ọmọ yìí ti ga sí i o. Màá rán ènìyàn sí aláró, òwú àlùkò mi ti fẹ́ tán.”

“Kò ní etí, Ìyá. Funfun láú ni wọ́n ní.”

“Hermias, ṣé ọtí ìsàlẹ̀ yẹn lo kọ́kọ́ yà mu ni? Ọmọ ọdún mẹ́jọ?”

“Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́.” Kò lè wo ojú rẹ̀.

“Sọ fún ẹni tó rán ẹ pé aṣọ ọmọdé ni mò ń hun. Ẹni tó bá ń wá aṣọ òkú, kó lọ síbòmíràn.”

“Èmi ò gbọ́ ìyẹn, Ìyá. Lọ́jọ́ kẹwàá, bí kò bá sí aṣọ, àwọn ṣọ́jà ló máa tẹ̀lé mi wá.” Ó fi okùn náà sórí àpótí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá kò jókòó. Ó lọ bá gbogbo ahunṣọ tó wà ní Subura, ó sì mú wọn búra níwájú òrìṣà Minerva pé àwọn kò ní hun aṣọ funfun láú tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n búra lóòótọ́. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí, káwọn tó ń bára wọn du oníbàárà fi ohùn ṣọ̀kan.

Sabidius ọkọ mi kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. “Ìyá, wọ́n máa pa wá.”

“Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Sabidius.”

“Orí àwọn ọmọ tèmi ńkọ́?”

Àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ń jẹ ẹ̀wà lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ wọn ń kọlu ara wọn nínú abọ́. Mo wo ìyá ọkọ mi, mo sì kórìíra rẹ̀.

Èmi ni mo hun ún. Mo mú okùn náà lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọjọ́ mẹ́rin hun aṣọ náà lórí òfì rẹ̀, mo sì gbé e fún Hermias nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Kò béèrè ẹni tó hun ún. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ bí ọmọ méjì.

Mo lọ sí gbàgede ìlú lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ wọ aṣọ náà fún Késárì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bọ́ oǹdè ọrùn rẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló na ọrùn sí wọn. Wọ́n wọ aṣọ náà fún un. Ó wo ara rẹ̀ lókè nílẹ̀, ó ká aṣọ náà sápá bí àwọn àgbà ìlú ṣe máa ń ṣe, ó sì rìn lọ bá wọn. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i, mi ò sì lè sọ pé mi ò rí i. Akéde ní, ọkùnrin ni ẹ̀ ń wò yìí, kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó wá ṣí ìwé ẹ̀sùn. Mi ò dúró gbọ́ ọ parí.

Nígbà tí mo délé, Ìyá jókòó síwájú òfì rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ariwo gbàgede ti dé etí rẹ̀. Gbogbo ahunṣọ ló pa ìbúra mọ́. Okùn ìwọ̀n náà kò sì sí lórí àpótí mọ́.

“Ìyàwó mi,” ó ní, “ṣé ó bá a mu?”

“Ó bá a mu, Ìyá.”

Ó mi orí.

“Lọ fún àwọn ọmọ rẹ lóúnjẹ.”