Pọ́n-ùn Wúrà Túnráyọ̀

Lọ́dún tí owó kòkó fò sókè tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú ní Ìdànrè ló mọ ohun tó fi tirẹ̀ ṣe. Àwọn kan ra jíìpù, àwọn kan pààrọ̀ òrùlé. Ọkùnrin kan nítòsí ilé wa tiẹ̀ ra ẹ̀rọ amúlétutù sí yàrá tí kò ní fèrèsé. Túnráyọ̀ Ọ̀ṣúndé, tó ń dá oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ́nà Òwènà, ra ohun tí kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ.

Kì í ṣe pé orí rẹ̀ yí o. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn owó àtijọ́. Ó ní ọ̀nínì oníhò, ó ní kọ́bọ̀, ó ní tọ́rọ́ àti sísì, títí dórí ṣílè tí wọ́n ya igi ọ̀pẹ sí lára. Inú agolo bisikíìtì tó tẹ́ òwú sí ló ń kó wọn pa mọ́ sí, bí àlejò bá sì jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, agolo náà á jáde dandan. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀: pọ́n-ùn wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí orí Ọbabìnrin Fikitóríà wà lójú kan rẹ̀, tí ọkùnrin kan sì wà lórí ẹṣin lójú kejì, tó ń bá dírágónì jà.

"Ìyá Faith," ni ọkọ rẹ̀ Olútúndé wí, ẹni tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà, "owó tí a ò lè ná lọ́jà, kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Bàbá Faith, ẹ wo àga tó kún pálọ̀ yìí, àwa méjì péré là ń jókòó. Ṣé mo bi yín léèrè?"

Olútúndé rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni kí wọ́n má lọ ta bàbà tí wọ́n kùn ní wúrà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Túnráyọ̀ gbé lọ bá Faith, ọmọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú Leeds. Faith ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ní àwọn amòye kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa yẹ irú owó bẹ́ẹ̀ wò. Bí kì í bá ṣe ojúlówó, wọ́n á dá a padà. Bó bá jẹ́ ojúlówó, wọ́n á fún un ní máàkì bí ọmọ ilé-ìwé, àádọ́rin ni òpin rẹ̀. Wọ́n á wá sé e mọ́ inú ike tó mọ́ gaara, wọ́n á sì kọ máàkì àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára.

"Mọ́mì, èyí tí mo rí yìí gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n máa tà á ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án Sátidé."

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nínú àádọ́rin!" Túnráyọ̀ pariwo. "Ìwọ gan-an ò gba irú ẹ̀ rí nínú ìṣirò!"

Sátidé dé, nẹ́tíwọ̀kì sì kú pátápátá nílùú. Túnráyọ̀ gbé fóònù sí ojú fèrèsé, ó gbé e jáde sí títì, pàbó ló já sí. Ó gbójú sókè, ó rí òkè. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tí orúnkún máa ń dùn bí wọ́n bá ti pe ìpàdé, ló gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè bí ewúrẹ́. Olútúndé ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó gbé ìgò omi dání, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Níbi tí wọ́n ti ń sinmi lójú ọ̀nà, fóònù ké. Àwọn Aládùúrà kan wà lórí àpáta níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń gbàdúrà. Wòlíì obìnrin kan tó ń jẹ́ Joanna ló ṣáájú wọn.

"Mọ́mì, ibo lẹ wà? Gbàǹjo ti bẹ̀rẹ̀! Ẹnìkan ti fi owó lé tiwa. Ṣé kí n fi kún un?"

"Fi kún un!"

"Ó tún ti fi kún tiẹ̀!"

"Fi kún un, ọmọ mi! Má jẹ́ kó gbà á!"

Joanna yíjú padà. "Màmá, ta ló fẹ́ gbà á?"

"Ọkùnrin kan ni! Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí! Nǹkan mi ló fẹ́ gbà!"

"Kò ní gbà á lórúkọ Jésù!"

"Kò ní gbà á!" ni gbogbo wọn dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ìgbà náà ni Olútúndé gòkè dé. Kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n alàgbà ni. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ìgò omi kalẹ̀, ó sì ké ju gbogbo wọn lọ: "Kò ní gbà á!"

"Mọ́mì!" Ohùn Faith fẹ́rẹ̀ẹ́ ya fóònù. "Gbàǹjo ti parí! Tiyín ni!"

Túnráyọ̀ ju ìborùn sókè. "Mo gbà á! Mo gbà á o!" Halelúyà gba orí òkè kan. Wọ́n jó yí i ká, wọ́n gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, òun náà ń fò láàárín wọn bí ọmọdébìnrin.

Nígbà tí èémí wọn padà sípò, Joanna bi í pé, "Màmá, kí ni Olúwa bá yín gbà?"

"Pọ́n-ùn wúrà ni, Wòlíì."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Joanna, ó rín in títí ó fi jókòó sórí àpáta, àwọn ìyókù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àdúrà tó ti gòkè kò ṣeé pè padà mọ́. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun náà fojú kàn án.

Ọdún Kérésì ni Faith mú un wálé. Joanna wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá fojú kàn án bó ṣe wí. Wọ́n gbé ike náà sórí tábìlì, wúrà náà sì ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fi eyín dán an wò," ni Olútúndé wí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́! Bí ike yẹn bá fọ́, máàkì rẹ̀ lọ nìyẹn."

Faith ní ohun kan wà tó dára ju eyín lọ. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà ara ike náà sórí fóònù, àwọn amòye náà á fi àwòrán owó náà gan-an hàn wọ́n. Olútúndé mú ike, ó ka nọ́ńbà náà sókè, Faith ń tẹ̀ ẹ́.

"Wọ́n ní kò sí," ni Faith wí.

Túnráyọ̀ rọra jókòó. Joanna ti ń gbàdúrà lábẹ́ èémí. Faith wá wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó sì kígbe: "Dádì! Ẹ dorí ike kodò! Ẹ wo Ọbabìnrin bó ṣe forí sọlẹ̀! Mẹ́sàn-án lẹ̀ ń kà sí mẹ́fà!"

Wọ́n tún un tẹ̀. Àwòrán yọ: owó náà gan-an, pẹ̀lú àpá tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ọrùn Ọbabìnrin. Túnráyọ̀ hó yèè, ó gbá Joanna mọ́ra, àwọn méjèèjì sì ṣubú lu àga. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde, Olútúndé ti mú ike náà lọ sójú fèrèsé, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á mọ́.

Inú àpótí irin ní báńkì kan ní Àkúrẹ́ ló wà báyìí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tọkọtaya náà á múra bí ẹni ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wọ mọ́tò lọ wò ó. Òṣìṣẹ́ báńkì á sì rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, kí ẹ̀rín wọn má baà dí àwọn oníbàárà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn, Olútúndé gbé e sókè síbi iná, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá Faith," ló wí pẹ̀lẹ́, "Faith ní wọ́n máa ń rọ àbọ̀ rẹ̀ náà. Àbọ̀ pọ́n-ùn. Kékeré báyìí ni."

Túnráyọ̀ wò ó lójú. Ó kọ́kọ́ fẹ́ bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi owó tí wọn ò lè ná lọ́jà ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu.