Ọjọ́ Tí A Na Ìka fún Nọ́ọ̀sì

Títí di òní, bí mo bá gba Àgídìngbì kọjá, tí òórùn bisikíìtì gbígbóná gbá mi nímú, ọkàn mi á padà sídìí tábìlì tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti jọ ń di bisikíìtì sínú páálí. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì wá sílé iṣẹ́ wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àyẹ̀wò HIV fún àwa obìnrin. Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹ̀rù ń bà wá pé àwọn ọ̀gá lè gbọ́; ẹ̀rù ọkọ sì tún ju ìyẹn lọ.

Olórí wa, màmá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti di opó tipẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ lọ jókòó. Ẹnìkan bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ orí wọn.

“Ṣé ara mi kọ́ ni?” ni wọ́n fèsì. “Ó yẹ kí n mọ ohun tó ń gbé inú ẹ̀.”

Bí a ṣe tò nìyẹn, tí a ń na ìka kí wọ́n gún un gba ẹ̀jẹ̀. Tèmi, ìlà kan péré ló yọ, ìyẹn ni pé kò sí kòkòrò. Ọ̀rẹ́ mi, tó lóyún oṣù mẹ́rin, pẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń sọ èsì. Nígbà tó jáde, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ìlà méjì ni tòun, òun ò sì ní wá síbi iṣẹ́ mọ́. Mo kàn ní, “A jọ máa lọ gba oògùn lọ́la ni.”

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Agége la lọ. Wọ́n ṣàlàyé pé bó bá ń lo oògùn déédéé, ọmọ náà lè wáyé láìní kòkòrò lára. Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó lè sọ fún ọkọ rẹ̀, mẹkáníìkì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà kò fi jẹun nílé. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kó mú òun náà lọ síbẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkọ kò ní in. Kò sì kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọbìnrin ló bí. Ọjọ́ tí èsì ìkẹyìn jáde pé ara ọmọ mọ́, àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, à ń jẹ àgbàdo sísun.

Kògbóògùn la máa ń pe àrùn náà nígbà yẹn. Mo ti fi orúkọ yẹn sílẹ̀, torí ojú mi ló ṣe tó gbọ́ oògùn. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ ṣe àyẹ̀wò tèmi, ọ̀rẹ́ mi ló sì máa ń sìn mí lọ. Ọmọ náà ti wọ ilé ìwé báyìí. Bó bá sáré wá kúnlẹ̀ kí mi, mo máa ń dì í mọ́ra pẹ́ díẹ̀, torí mo mọ bí ìtìjú tí kò fẹ́ jẹ́ ká ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ yẹn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa.