Àwọn Ará Ìsàlẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá ọmọ àbúrò mi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, lọ wo yàrá ní Ìbà. Bí éjẹ́ǹtì ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn ògiri tó ti mumi gbà mí nímú. Éjẹ́ǹtì náà ní, "Ìsàlẹ̀ nìkan ló kù, Mọ́mì."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, tí wọ́n bá ní ìsàlẹ̀, yàrá tí ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kí ẹ tó dé lẹ máa rò. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo dàgbà sí ní Òkòkòmáìkò, orúkọ èèyàn ni. Òkè làwa ń gbé. Bí èéfín bá ti rú gòkè, ìyá mi á yọrí lójú fèrèsé: "Ìsàlẹ̀! Ẹ paná yín!" Bí kànga bá dọ̀tí, ìsàlẹ̀ ló dọ̀tí sí i.

Ìsàlẹ̀ yìí náà ni Ràṣídá ọ̀rẹ́ mi wà, ọmọ ìyá aránṣọ, tó máa ń rẹ́rìn-ín títí òsúkè á fi mú un. Orí àtẹ̀gùn la ti ń ṣeré, torí ìyá mi ò fẹ́ kó wọlé wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ lọ ra òwú ní Àlàbá. Òjò dé, omi wọ yàrá wọn dé orúnkún. Ràṣídá pọn àbúrò rẹ̀ gòkè, ó ń kanlẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

Ìyá mi wo kápẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. "Ẹ dúró síbẹ̀. Òjò ò ní pẹ́ dá."

Ọwọ́ mi wà lára kọ́kọ́rọ́. N kò yí i.

Òtútù mú ọmọ náà. Ràṣídá gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní òun ń lọ mú aṣọ wá fún un. Kó tó padà, ògiri ẹ̀yìnkùlé wó pa Ràṣídá.

Ìgbà náà ni ìyá mi tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìyá Ràṣídá dé, inú ìró ìyá mi ló ti bá ọmọ rẹ̀ kejì. Ó gbà á, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi gbé e." Ìyá mi kúnlẹ̀.

Ìyá Ràṣídá àti ọmọ náà kó lọ kí oṣù tó parí. Ìyá mi ò mẹ́nu kan ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, èmi náà ò sì bi wọ́n. Lónìí, wọ́n ti da ọ̀dà sí títì àdúgbò náà, ilé ibẹ̀ sì ga ju tiwa lọ. Síbẹ̀, omi ṣì ń wọlé, àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibi tó ń wọ̀. Ká ní Ràṣídá wà ni, òun náà ì bá ti di ìyá àgbà bíi tèmi.