Ọkọ́ Bàbá Ìyá Mi

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí òkú tí wọ́n sin ní Gbaffo, ìlú wa, tí kì í ṣe ìyá mi ló dá orin ìdágbére rẹ̀. Mo ń fọ́nnu, mo mọ̀. Ìyá ta ni kí n máa fi fọ́nnu? Ẹnì kan ṣoṣo ni kò kọ ọ́ fún títí di ọdún tó kọjá: bàbá tó bí i.

Ìyá mi ṣì wà nínú oyún nígbà tí àwọn Faransé kó bàbá rẹ̀ lọ sí ogun òkè òkun. Kò padà. A ò rí òkú, a ò rí irun orí tí à bá sin. Ìyá àgbà sì kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọn ò gbọdọ̀ kọrin ìdágbére fún ẹni tó lè yọ lọ́nà lọ́la. Ó gbé ọkọ́ ọkọ rẹ̀ sí àjà, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi roko títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Ìyá àgbà kú, ọkọ́ wà lájà. Ìyá mi darúgbó, ọkọ́ ṣì wà lájà. Wọ́n ní ẹni ọmọ sin ló bímọ, ẹ̀rù sì ń ba ìyá mi kí òun náà má lọ kú láìsin bàbá òun.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn oníṣinimá dé láti Cotonou. Ogun àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré, ìdílé akọrin kan tí ogun pa ọmọ wọn. Wọ́n tẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan sórí ẹní nínú aṣọ ṣọ́jà, wọ́n kun ọ̀dà pupa sí i láyà, wọ́n ní kí ìyá mi kọrin lé e lórí.

"Èèwọ̀! Ọmọ tó ń mí yìí? Dìde ńbẹ̀, ọmọ mi, lọ jẹun!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá wọn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eré lásán ni."

"Eré tiyín ni. Orin tèmi kì í ṣe eré."

Mo rò pé ilé ló kàn. Ṣùgbọ́n ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí n lọ gbé ọkọ́ wá.

Mo bi í léèrè: "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìyá mi dúró dè é títí ó fi kú. Èmi ò lè dúró mọ́."

Ó tẹ́ ọkọ́ náà sórí ẹní níbi tí ọmọ yẹn ti dìde. Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì gbé orin náà ní èdè Ìdáàṣà tiwa. Ohùn rẹ̀ tí kì í gbọ̀n lórí òkú ẹlòmíràn gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn. Àwa díẹ̀ tó wà níbẹ̀ gbè é. Mo sunkún, ojú ò tì mí. Ọmọ eléré yẹn pàápàá ṣí fìlà ṣọ́jà lórí, búrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àfi bí zémìjàn kan, ọ̀kadà akérò, ṣe fun fèrè kọjá lójú títì. Ọ̀gá wọn nu ojú, ó ní fèrè náà ti wọnú àwòrán tí wọ́n ń yà, kí ìyá mi tún orin náà kọ.

Ìyá mi wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sin èèyàn níbi tí ẹ ti wá ni?"

Bí fèrè zémìjàn ṣe wà nínú sinimá ogun àtijọ́ nìyẹn! Nígbà tí wọ́n wá fi hàn wá ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ní Dassa, kò sẹ́ni tó rojọ́ fèrè. Bí orúkọ bàbá ìyá mi ṣe jáde báyìí, gbogbo ará Gbaffo dìde, wọ́n gbe orin náà bí a ṣe ń gbè é nídìí sàréè. Ìyá mi gbé orí sókè. Èmi ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, kí gbogbo wọn lè mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́.

Nígbà tí a délé, mo fẹ́ gbé ọkọ́ padà sí àjà. Ìyá mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Fi ẹ̀rúkọ́ tuntun sí i. Ẹni tó ni ín ti sùn."

Òun ni mo fi kọ ebè iṣu wa lọ́dún yìí.