Ọ́ìlì Tí Mo Dà Sórí Ẹja Ìyá Mi

Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú ṣì máa ń lé mi sá títí dòní. Bí mo bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, imú ni mo ń dì, nítorí ó máa ń gbé mi padà sí Ubeji, nítòsí Warri, sí etí odò tí ìyá mi ti ń yan ẹja, níjọ́ tí olùdarí fíìmù ará Íńdíà kan dé ọ̀dọ̀ wa.

Mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin náà tipẹ́. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà kan péré ló fi ya àwọn apẹja abúlé rẹ̀, ó sì máa ń fọ́nnu pé òun kì í lo òṣèré, ohun tí òun bá bá nílẹ̀ lòun ń yà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe ògbufọ̀ fún un tayọ̀tayọ̀, tí mo sì mú un lọ bá ìyá mi, ọmọ Ìlàjẹ tí àwọn ará Warri mọ̀ sí ẹlẹ́ja tó mọ́ tónítóní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fọ ọ̀bọ̀kún kó tó gbé e lé iná.

Epo rọ̀bì máa ń ba omi wa jẹ́ lóòótọ́, ta ni yóò jiyàn? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn omi mọ́, ẹja sì ń dán. Ọ̀gbẹ́ni náà wo ẹja, ó yínmú. Ó gbé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n da díẹ̀ sí i, kí ayé lè rí ìyà wa. Ìyá mi wò mí.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n á sọ fáwọn èèyàn pé eré la ṣe?"

"Mama, no fear, dem go talk am."

Mi ò tiẹ̀ bi ọkùnrin náà léèrè kí n tó dáhùn. Mo dà á.

Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ nílùú òyìnbó. Olùdarí náà gun orí pèpéle, ó ní òtítọ́ pọ́ńbélé niṣẹ́ òun. Ọ̀rẹ́ mi, itọ́ ni mo tu. Kò pẹ́ tí àwòrán ìyá mi àti ẹja ọlọ́ìlì fi dórí fóònù àwọn ará Warri. Oníbàárà rẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ na fóònù sí i lójú.

"Mama, so na dis one you dey give my pikin chop?"

Oníbàárà náà kọ ẹ̀yìn sí i, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Mo kọ̀wé sí olùdarí náà. Ó fèsì pé kí n bá ìyá mi yọ̀, ayé ti mọ ojú rẹ̀. Ìríra gbáà!

Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló ń rí mi lára. Òun purọ́ fún ayé. Èmi, ìyá mi ni mo purọ́ fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ṣì ń fọ ẹja rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ará ilé nìkan ló kù tó ń jẹ ẹ́. Bó bá gbé àwo síwájú mi, mo máa ń jẹ ẹ́ tán, òórùn ọ́ìlì yẹn ni mo sì ń gbọ́, lọ́wọ́ ara mi.