Ọjọ́ Tí Mo Gbọ́ Ohùn Ara Mi

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Múṣin, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi ní Yábàá. Asọ̀rọ̀mágbèsì wà ní pálọ̀ wa, àpótí kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tó ń sọ ìròyìn fún wa láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin kan ló máa ń ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán débi pé gbogbo ilé gbà pé òyìnbó ni. Bó bá ti sọ gbólóhùn kan, èmi náà á tún un sọ. Inú bàbá mi á dùn.

"Bí mi ò bá rí ojú ẹ," ló máa ń wí, "màá ní òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀."

Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ rédíò ń wá obìnrin tí yóò máa ka ìròyìn, mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì ní kí n wá. Mo wọ bàtà tuntun, mo wọ bọ́ọ̀sì kọjá afárá, ó di Èkó.

Ọkùnrin dúdú kúkurú kan, tó kọlà lójú, ló jókòó nínú yàrá tí wọ́n mú mi wọ̀. Mo rò pé akọ̀wé lásán ni. Àfi bó ṣe lanu kí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn inú àpótí wa ni!

Ó fún mi ní ìwé kan pé kí n kà á. Ìròyìn inú rẹ̀ ni pé òjò wó ilé ní Ìpọ̀nrí, ẹyin sì ti wọ́n lọ́jà. Mo kà á geerege bí mo ṣe máa ń ṣe níwájú bàbá mi. Nígbà tí mo parí, ó tẹ ẹ̀rọ kan tó wà lórí tábìlì, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé láti inú rẹ̀. Ibi tó yẹ kó pe lẹ́tà h, kò pè é. Ibi tí kò sí, ó tì í bọ̀ ọ́. Ó pe háòsì, ìyẹn ilé, ní áòsì, ó pe ẹ́ẹ̀gì, ìyẹn ẹyin, ní hẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

"Ta nìyẹn, sà?"

"Ìwọ ni."

Mo wo ẹ̀rọ náà, mo wo ọkùnrin náà. N kò gbọ́ ohùn ara mi rí láyé mi. Àṣé ẹ̀rọ náà ti gba ohùn mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń kàwé.

Ìgbà náà ló tó sọ Yorùbá sí mi, tí ohùn Ìjẹ̀ṣà hàn nínú rẹ̀. "Má sunkún, àbúrò. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀." Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu rẹ̀. "Bó o bá pe h dáadáa, èémí á kan ọwọ́ ẹ." Ṣùgbọ́n wọn ò gbà mí síṣẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá padà ni ohun tó burú jù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi! Mo máa ń nà wọ́n bí wọ́n bá ṣi Gẹ̀ẹ́sì pè. Àwọn tó ti gbọ́ háòsì lẹ́nu ẹbí wọn, tí wọ́n ń pè é dáadáa, àwọn gan-an ni mo ń nà kí wọ́n lè pè é bíi tèmi.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró níwájú wọn. "Áòsì tí mo kọ́ yín, mo ṣì í pè. Èmi ni mo jẹ̀bi." Wọn ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu tíṣà rí. Ọmọbìnrin kan tí mo ti nà lọ́pọ̀ ìgbà nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló máa wá na ẹ̀yin?"

Mo ní kí wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, èmi náà gbé tèmi, a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí háòsì.